Ṣé àìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní sí àwọn olóṣèlú òde òní tọ́ sí wọn?

Olùkọ́ Ọ̀ṣun béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀kọ́ nípa ètò ìjọba ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní kíláàsì àṣekágbá. Púpọ̀ nínú wọn yóò ti pé ọmọ ọdún 18 kí ìdìbò ọdún 2027 tó dé. Nígbà tí a dé orí ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú láti dìbò, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Sà, bí a bá gba káàdì ìdìbò, ta ni ẹ mọ̀ nínú wọn tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún?" Ìbéèrè náà kò yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dá a lóhùn bí ó ti yẹ, nítorí pé ọmọ tí a bá parọ́ fún ní kíláàsì nípa ìjọba kò ní pẹ́ rí òtítọ́ níta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo fún mi. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, àwa ará Ọ̀ṣun dìbò yan gómìnà. Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP ní ìbò 403,371, Gbóyèga Oyètọ́lá ti ẹgbẹ́ APC tí ó wà lórí oyè nígbà náà ní 375,027. Adélékè borí ní ìjọba ìbílẹ̀ 17, Oyètọ́lá borí ní 13. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo iye yìí yóò rí i pé ọkàn àwọn ará ìlú pín sí méjì. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí ìjọba APC kò tíì kúrò lórí àlééfà, àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ ṣe ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, APC sì kó gbogbo ipò alága pátá. Nígbà tí ó di oṣù Kejì ọdún 2025, tí ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ PDP, wọ́n tún dìbò náà, ó sì di ti PDP láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣé àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n ń yí ọkàn padà tó báyìí, láìku ẹnì kan ní ìlú kankan?

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ní Ọ̀yọ́, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, PDP tí ó ń ṣe ìjọba kó gbogbo ipò alága 33. Ní Ògùn, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, APC kó gbogbo 20. Ní Oǹdó, ní oṣù Kínní ọdún 2025, APC kó gbogbo 18. Ní Èkó, ní oṣù Keje ọdún náà, APC kó gbogbo 57. Àwọn kan yóò sọ pé ẹgbẹ́ alátakò kì í fẹ́ kópa nínú irú ìdìbò bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ ná owó àti agbára lórí ìdìbò tí àbájáde rẹ̀ ti hàn sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé ó tọ́ kí a kó gbogbo àwọn olóṣèlú pọ̀, kí a sọ pé kò sí ẹni tí a lè fọkàn tán nínú wọn? Àbí a ń ṣe àìdára sí àwọn kan nínú wọn? Kí ni kí n sì sọ fún àwọn ọmọ yìí tí kò ní jẹ́ irọ́, tí kò sì ní jẹ́ kí wọ́n pa ìlú tì?

Bàbá Ọ̀wọ̀ fèsì:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ yẹn ni pé àìgbẹ́kẹ̀lé yìí kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má sì tàn wọ́n jẹ pé àwọn olóṣèlú ìgbà kan kò lábàwọ́n. Ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ó sì dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1962 sọ pé owó àjọ tí ń ta kòkó ti gba ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan wọ àpò ẹgbẹ́ Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀. Ẹ lè sọ pé ọwọ́ òṣèlú wà nínú ìwádìí náà, n kò ní bá yín jiyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹjọ́ wà láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn sì gbọ́ ọ.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn di ohun tí àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ da epo bẹntiróòlù sí ilé àti mọ́tò, èyí tí a ń pè ní wẹ́tíẹ̀, kò sì pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ológun fi gba ìjọba. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀, àjọ elétò ìdìbò kéde pé Akin Ọmọ́bọ́ríowó ti NPN ni ó borí Adékúnlé Ajásin ti UPN. Ìlú gbaná. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná, ilé ẹjọ́ ni ó sì dá ipò náà padà fún Ajásin. Ojú mi ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe, n kò sì gbàdúrà kí ọmọ ẹnikẹ́ni tún rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nídìí ìbínú yẹn. Àwọn ènìyàn gbà pé ìbò wọn jẹ́ ohun ìní wọn, bí oko ti jẹ́ ohun ìní àgbẹ̀, wọ́n sì gbà pé ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí wọ́n dìbò fún àti ẹni tí wọ́n kọ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba tí wọ́n mú Ajásin, tí wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́, wọ́n dá a láre. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe orúkọ rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ títí di òní láìbojú wẹ̀yìn.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nísinsìnyí yàtọ̀ sí ti ìgbà náà. Àbájáde ìdìbò tí Olùkọ́ kà sílẹ̀ yẹn jáde, ọjà sì ná ní ọjọ́ kejì bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bínú, nítorí pé kò sí ẹni tí ó retí ohun mìíràn. Èyí burú ju ìbínú lọ.

Mo ní èrò kan lórí ohun tí ó fà á, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, owó orí ni àwọn bàbá wa ń san, ó sì ń dun wọ́n. Nígbà tí ó dun wọ́n jù ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde ní agbègbè Ìbàdàn àti káàkiri, ìyẹn àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà, ìjọba ológun sì dín owó orí náà kù. Ẹni tí ó bá fi òógùn rẹ̀ san owó fún ìjọba kì í gbàgbé láti béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Lónìí, Àbújá ni owó tí a ń ná ní káńsù ti ń wá ní oṣooṣù, púpọ̀ nínú wa kò sì mọ iye tí ó jẹ́, kò sì dà bí owó wa lójú wa. Ìbáà jẹ́ ènìyàn rere ni a gbé owó tí kò sí ẹni tí ó ń béèrè rẹ̀ fún, yóò bà á jẹ́.

Ìyá Bódìjà fèsì:

Mo kí Bàbá, mo kí Olùkọ́. Oúnjẹ ni mo ń tà, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Àìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní sí wọn tọ́ sí wọn, ó kéré sí ohun tí ó tọ́ sí wọn pàápàá.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba Goodluck Jonathan gbé owó epo bẹntiróòlù láti náírà 65 sí 141. Àwọn alátakò nígbà náà sọ pé ìkà ni, wọ́n sì ti àwọn ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n lọ dúró sí Òjótà ní Èkó fún ọjọ́ mélòó kan títí ìjọba fi dá a padà sí 97. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú alátakò ìgbà náà di ààrẹ, ọjọ́ tí wọ́n búra fún un gan-an ni ó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí owó epo fi ju ìlọ́po méjì lọ. N kò sọ pé owó ìrànwọ́ náà dára, mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi jẹun. Ohun tí ó ń dun mí ni pé ohun tí wọ́n pè ní ìkà nígbà tí ẹlòmíràn ṣe é ni wọ́n pè ní ìgboyà nígbà tí ó di tiwọn. Èmi ni mo ń san owó ọkọ̀ tí ó ń gbé ẹ̀wà àti iṣu wá, tí mo sì ń ṣàlàyé fún oníbàárà ìdí tí kóńgò kò fi jẹ́ iye tí ó rà á ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ tún wo ti àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Joshua Dariye àti Jolly Nyame, gómìnà Plateau àti Taraba nígbà kan, lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 2018 nítorí owó ìpínlẹ̀ wọn. Ní ọdún 2022, ìjọba Buhari dárí jì wọ́n. Ìjọba tí ó ní òun wá gbógun ti ìwà àjẹbánu ni o! Ní ọdún 2018 yẹn kan náà, Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba mílíọ̀nù náírà 13.5 lóṣooṣù fún ìnáwó iṣẹ́ rẹ̀, yàtọ̀ sí owó oṣù. Náírà 18,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù fún òṣìṣẹ́ nígbà náà. Olùkọ́, ẹ má rán àwọn ọmọ yẹn lọ tò sórí ìlà nínú oòrùn nítorí irú àwọn ènìyàn báyìí. Èmi kò dìbò ní ọdún 2023, n kò sì ní dìbò ní 2027.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀ fèsì:

Mo júbà Bàbá, mo sì kí Ìyá wa ní Bódìjà. Mo bá ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, n kò ní dárúkọ rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ilé wọn ti rí láti inú, nítorí pé ìdájọ́ tí a kò fi ti inú ilé kún kì í pé.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ènìyàn ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi tí ó wà níwájú ilé. Ìwé àjákọ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ń kọ ẹ̀bẹ̀ wọn sí: ọmọ ń bẹ ní ọsibítù, wọn kò jẹ́ kí ó jáde, owó ìdánwò WAEC ti tó san, bàbá àgbà kú, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a sin ín, ọ̀kadà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti bàjẹ́. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìparí rẹ̀, kò sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ohun tí ọ̀gá wa sọ nípa òfin kan tàbí nípa ètò ìṣúná. N kò dá àwọn tí wọ́n wá lẹ́bi, ìṣòro wọn kì í ṣe irọ́, bí ọsibítù ìjọba bá sì ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, wọn kì bá ti wá. Ṣùgbọ́n owó oṣù aṣòfin kò lè gbé ohun tí ó wà nínú ìwé náà, gbogbo wa tí a wà nínú ilé náà ni a sì mọ̀ ọ́n. Ibòmíràn ni owó tí ó kù gbọ́dọ̀ ti wá, ibẹ̀ sì ni ìbàjẹ́ ti ń wọlé sí ara ẹni tí kò ní in lọ́kàn nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde.

Kí ó tó dé orí àga yẹn pàápàá, owó ti lọ. Ní ọdún 2022, mílíọ̀nù náírà 100 ni APC ta fọ́ọ̀mù fún ẹni tí ó fẹ́ du ipò ààrẹ, mílíọ̀nù 50 fún ipò gómìnà. Ti PDP jẹ́ 40 àti 21. Owó oṣù tí ó kéré jù jẹ́ 30,000 náírà nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tí kò bá jẹ, tí kò bá mu, yóò fi ohun tí ó ju 130 ọdún lọ kó mílíọ̀nù 50 jọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 dín ọjọ́ orí àwọn tí ó lè du ipò kù, inú àwọn ọ̀dọ́ dùn, ṣùgbọ́n owó fọ́ọ̀mù tún ti ilẹ̀kùn náà padà. Ẹni tí ó bá rí owó bẹ́ẹ̀ san, bí kì í bá ṣe olówó fúnra rẹ̀, baba ìsàlẹ̀ ni ó san án fún un, baba ìsàlẹ̀ kì í sì í fi owó rẹ̀ ṣe sàráà. Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ ìdìbò yóò dé, tí a ó bẹ̀rẹ̀ "dìbò kí o sebẹ̀", ìyẹn fífi owó ra ìbò.

Nítorí náà, èsì mi sí Olùkọ́ ni pé ẹ má fọkàn tán wọn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ kò fọkàn tán. Ọ̀nà tí a ń gbà dé ipò ni ó ti bàjẹ́, bí ẹ bá sì kó àwọn ènìyàn mìíràn gba ọ̀nà kan náà, irú èso kan náà ni yóò so.

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè lórí ọ̀rọ̀ àìdìbò. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tí wọ́n jáde kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 25 lọ. Ní Èkó, níbi tí àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 7, Peter Obi ní 582,454, Bọ́lá Tinúbú ní 572,606. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìbò 10,000, ní ìpínlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó ti ní olówó orí. Àwọn tí wọ́n jókòó sílé ní agbègbè kan ṣoṣo ní Èkó ju iye yẹn lọ. Àwọn olóṣèlú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, mo sì lè sọ fún yín pé inú wọn máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn ènìyàn kò ní jáde, nítorí pé ìbò tí wọn yóò rà yóò dín kù.

Bàbá Ọ̀wọ̀ fèsì:

Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ rẹ dé inú mi. Mo fẹ́ fi ẹyọ kan kún un. Nígbà tí a bá ń fi iye àwọn tí wọ́n dìbò ní ọdún 2003 wé ti 2023, kí a ṣọ́ra. Ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kéde ní 2003, ti 2023 sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 27. Ẹni tí ó bá wà ní ibùdó ìdìbò nígbà náà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìbò tí wọ́n kà ni ènìyàn tẹ̀. Ní ọdún 2007 pàápàá, Umaru Yar'Adua tí ó wọlé jẹ́wọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n búra fún un pé ìdìbò tí ó gbé òun wọlé ní àléébù. Ẹ̀rọ BVAS, tí ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò, tí wọ́n lò ní 2023 kò gba kí a tẹ ìwé ìdìbò fún ẹni tí kò wá. Díẹ̀ nínú ohun tí a pè ní ìfàsẹ́yìn, òtítọ́ ni ó ń hàn.

Ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìlú, ẹ̀yin àgbà. Peckham ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí ní ìhín, kì í ṣe láti fi àwọn òyìnbó ṣe àwòkọ́ṣe, nítorí pé àwọn náà kò fọkàn tán àwọn olóṣèlú wọn. Ní ọdún 2009, ó hàn síta pé àwọn aṣòfin wọn ń kọ ìnáwó tí kò tọ́ sí wọn, kí ìjọba san án padà fún wọn, títí kan owó ilé tí wọn kò gbé inú rẹ̀. Àwọn mélòó kan nínú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ohun tí ó jáde láti inú ìbínú yẹn ni òfin kan ní ọdún 2015 tí ó fún àwọn ará àdúgbò lágbára láti pe aṣòfin wọn padà sílé: bí wọ́n bá rán aṣòfin lọ sí ẹ̀wọ̀n, tí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ibẹ̀ bá fọwọ́ síwèé, àga rẹ̀ ti ṣófo.

Ẹni àkọ́kọ́ tí òfin yìí mú kúrò ní ipò, orúkọ Yorùbá ni ó ń jẹ́. Fiona Onasanya ni, tí ó ń ṣojú Peterborough. Ilé ẹjọ́ rí i pé ó parọ́ nípa ẹni tí ó wa ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà sá ju bí ó ti yẹ lọ, ó lo oṣù kan nínú ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ní ọdún 2019, àwọn ènìyàn tí ó ju 19,000 lọ sì fọwọ́ síwèé pé kí ó fi ipò sílẹ̀. Ó dun ọ̀pọ̀ nínú wa níbí, nítorí pé inú wa ti dùn nígbà tí ó wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tí ó sọ pé kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí ìdìbò mìíràn yóò fi dé.

Òfin Nàìjíríà náà ní ìpèpadà. Abala 69 ni ó wà, ṣùgbọ́n ó ní kí iye tí ó ju ìdajì gbogbo àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ fọwọ́ síwèé, kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, yẹ ìfọwọ́sí náà wò, kí wọ́n sì tún dìbò lẹ́yìn èyí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, nígbà tí wọ́n yẹ ìwé tí wọ́n kọ lòdì sí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, ìdá 5.34 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí tí ó fara hàn tí ó sì bá ìwé mu, ibẹ̀ ni ó sì parí sí. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: níbi tí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń dìbò yan ààrẹ, òfin ní kí ìdajì ó lé jáde kí a tó lè lé sẹ́nétọ̀ kan. Àìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ará ìlú kò rí ibi tí yóò gbà jáde, ni ó bá ń di èpè àti ọ̀rọ̀ ẹnu.

Alámòójútó fèsì:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, mo sì fẹ́ mú un wá sílẹ̀. Èmi àti àwọn mélòó kan ní ìlú wa ní Òkè-Ògùn ni a máa ń tọpa iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ẹkùn, ìyẹn iṣẹ́ tí àwọn aṣòfin àpapọ̀ ń fi sínú ètò ìṣúná fún àdúgbò wọn. Ní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari sọ pé tírílíọ̀nù náírà kan ni wọ́n ti ya sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí láàárín ọdún mẹ́wàá, láìsí pé àwọn ará ìlú rí àǹfààní rẹ̀ bí ó ti tọ́. Ọdún náà ni ICPC, àjọ tí ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa wọn láti ibì kan dé ibì kejì.

Kanga ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wa. Irin mẹ́rin gbé táǹkì aláwọ̀ dúdú dúró, pánẹ́ẹ̀lì tí ń gba oòrùn wà lókè, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fà wà nísàlẹ̀, orúkọ aṣòfin sì wà lára ògiri pẹ̀lú ọ̀dà pupa tí ó tóbi ju ojú ẹ̀rọ lọ. Omi kò jáde rí. Gbogbo ìlú ń bú aṣòfin náà. Nígbà tí a ṣí ìwé ètò ìṣúná ọdún náà, tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a rí orúkọ ìlú wa, iye owó náà, àti orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí owó náà gba ọwọ́ rẹ̀. Aṣòfin kọ́ ni ó ń san owó fún agbaṣẹ́ṣe, iléeṣẹ́ náà ni. A kọ̀wé sí wọn, a fi òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 tì í lẹ́yìn, a béèrè fún ìwé àdéhùn àti ìwé tí ó fi hàn pé wọ́n ti parí iṣẹ́. Òfin fún wọn ní ọjọ́ méje, wọ́n pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a lọ síbẹ̀ léraléra, wọ́n dá wa lóhùn. Ìwé wọn sọ pé iṣẹ́ ti parí, ó sì ka ẹ̀rọ tí ń fa omi mọ́ ohun tí wọ́n rì sínú kanga. Nígbà tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣí i lójú wa, páìpù nìkan ni ó wà nínú rẹ̀.

A fi àwòrán àti ìwé wọn ránṣẹ́ padà sí wọn. Agbaṣẹ́ṣe dé, ó fi ẹ̀rọ sí i, omi jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó má baà dà bí ìtàn àlọ́: lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ẹ̀rọ náà bàjẹ́, nítorí pé àwa fúnra wa kò yan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ti tún un ṣe, omi ń jáde lónìí, a sì ń gba owó kékeré lọ́wọ́ àwọn tí ń pọn ọ́n.

Nítorí náà, mo gbà pẹ̀lú Ìyá Bódìjà pé àìgbẹ́kẹ̀lé tọ́ sí wọn. Ibi tí mo ti yàtọ̀ ni pé mo fẹ́ kí a mọ ẹni tí a kò gbẹ́kẹ̀ lé, lórí iṣẹ́ wo, àti iye owó wo. Ìgbà tí a ń bú "àwọn olóṣèlú", kò sí ẹni tí ó dá wa lóhùn, nítorí pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a dárúkọ iléeṣẹ́, tí a dárúkọ iye owó, ẹnì kan jókòó sídìí tábìlì kan tí ó ní láti fọwọ́ síwèé.

Ìyá Bódìjà fèsì:

Alámòójútó, mo gbọ́. Ṣé irú ìwé yẹn ṣeé kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ náà? Ní ọjà wa níbí, a ń san owó fún káńsù, gọ́tà tí ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa sì ti dí láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè rántí.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀ fèsì:

Ó ṣeé kọ, Ìyá wa. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti máa ń sọ pé òfin yẹn kò kàn àwọn, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó wà fún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ó kan gbogbo ìjọba, láti Àbújá dé ìpínlẹ̀ dé ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kan náà sì ti sọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, kí gómìnà má ṣe dì í mú. Mo ní láti sọ òtítọ́ lórí èyí: alága tí gómìnà bá fi síbẹ̀ nípasẹ̀ irú ìdìbò tí Olùkọ́ ṣàlàyé rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e lọ. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí orúkọ rẹ̀ ni yóò wà lórí ìwé owó náà. Ẹ kọ ọ́ sí alága, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olùtọ́jú owó káńsù, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tí ó kù sọ́wọ́ yín, kí ọjọ́ tí wọ́n gbà á hàn lórí rẹ̀.

Olùkọ́ Ọ̀ṣun fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Alámòójútó, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré ni ó kù. Ṣé àwọn ọmọ tí wọn kò tíì pé ọdún 18 lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ wa wà nínú ètò ìṣúná, mo ti rí i. Mo fẹ́ kí kíláàsì náà kọ ìwé rẹ̀ fúnra wọn ní sáà tí ń bọ̀, kí wọ́n lọ wọn ibi tí iṣẹ́ dé, kí wọ́n sì fi wé ohun tí ìjọba bá dá wọn lóhùn.

Alámòójútó fèsì:

Ẹnikẹ́ni ni òfin náà sọ, kò dárúkọ ọjọ́ orí, kò sì ní kí ẹni tí ó béèrè sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tàbí òbí kan fọwọ́ sí i pẹ̀lú wọn, nítorí pé bí wọ́n bá kọ̀ láti dáhùn, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún yín láti gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, àgbàlagbà ni yóò sì rọrùn fún láti pe ẹjọ́ náà. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ náà gẹ́lẹ́ bí ó ti wà nínú ètò ìṣúná, nọ́ńbà tí ó wà níwájú rẹ̀, àti ọdún. Ẹ béèrè fún ohun mẹ́ta péré: orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye tí wọ́n ti san, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí iṣẹ́ parí. Bí ẹ bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, wọn yóò rí àwáwí láti pẹ́. Ẹ fi èsì wọn sí ibí nígbà tí ó bá dé, kí a bá yín kà á.